Kí Ni Ó Ń Kùn Nínú Áńpílífáyà? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Oníṣẹ́ Rédíò Ṣómólú àti Bàrígà, àti Èdè Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó dá lórí áńpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga, pàápàá jù lọ irú èyí tí ó ń lo fáàfù, àwọn ìgò kéékèèké tí iná máa ń pọ́n nínú wọn, tí àwọn àgbà wa mọ̀ nínú rédíò ayé àtijọ́. Ó sì tún dá lórí èdè wa. Bí ó bá dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá ara wọn tan, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ohun tí ó fà á ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní èdè Yorùbá dára fún oríkì, fún ìjálá, fún ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, àfi kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Èmi kò gbà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi rìn láti òpópónà Bájùláyé ní Ṣómólú títí dé Jagunmólú ní Bàrígà, kí ó tẹ́ etí rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn ilé ìjọsìn, páálí ọṣẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé wọ̀nyí, àti ní àwọn ojúlé tóóró Bàrígà, ẹ ó rí àwọn tí ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n, sípíkà, jẹnẹrétọ̀ àti áńpílífáyà ṣe. Ọ̀gá a jókòó lórí àpótí, ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta a dúró tì í. Ẹ wá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Yorùbá ni. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, Yorùbá ni.

Èyí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé rédíò oníwáyà dé Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, àpótí kan tí gbohùngbohùn wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sí ilé ẹni tí ó bá ń san owó rẹ̀. Àwọn baba wa wo àpótí náà. Wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ni a bá ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ohùn àti àwòrán dé pọ̀, orúkọ rẹ̀ sì di amóhùnmáwòrán. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tí ó jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ìtàn orin wa pàápàá kò ṣeé sọ láìdárúkọ fáàfù. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè, àgbà olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá tí áńpílífáyà ń gbé ohùn rẹ̀ ga. Kí èyí tó dé, gìtá kò lè dúró láàárín ìlù púpọ̀. Bí ìlù bá ti pọ̀ jù, ohùn gìtá a rì bí ẹni tí ó bọ́ sínú ọ̀sà. Nígbà tí ohùn gìtá ti ní agbára, àyè wá gba gángan àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti wọlé, ẹgbẹ́ jùjú sì fẹ̀. Irú áńpílífáyà wo ni wọ́n ń lò nígbà náà? Kò lè jẹ́ òmíràn ju oní-fáàfù lọ, nítorí pé oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe transistor àkọ́kọ́, kò sì tíì dé ọjà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àwo orin jùjú àtijọ́, tí ohùn gìtá náà sì mú yín lọ́kàn, ẹ rántí pé ohùn tí ó gba inú ìgò gbígbóná kọjá ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa wò ó bóyá Yorùbá yóò já mi kulẹ̀. Ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Wáyà tí ó wà nínú páìpù yìí máa ń gbóná, ó máa ń pọ́n bí ẹyín iná. Bí ó bá ti gbóná tó, àwọn horo iná tí wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ a bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò lára rẹ̀, bí ẹ̀sunsun ṣe máa ń jáde lẹ́yìn òjò. Níta ni àwo irin kan wà tí ó yí páìpù náà ká. Iná tí ó le wà lára àwo yìí, òun ni ó sì ń fa àwọn horo náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n asẹ́ kan wà láàárín páìpù àti àwo. Ohùn kékeré tí ó wá láti ara gìtá tàbí máíkì, asẹ́ yìí ni ó ń lọ. Bí ohùn náà ṣe ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ń dí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń là, tí iná ńlá tí ń lọ sí ara àwo sì ń pọ̀, tí ó ń dín. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí ẹnu ẹ̀rọ omi, kí omi tí àgbàlagbà mẹ́wàá kò lè rù sì máa ya. Bí ohùn kékeré ṣe ń di ohùn ńlá nìyẹn.

John Ambrose Fleming ni ó ṣe fáàfù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1904, láìsí asẹ́ nínú rẹ̀. Lee de Forest ti Amẹ́ríkà ni ó fi asẹ́ sí i ní ọdún 1906. Ẹ wá wo orúkọ tí àwọn òyìnbó fún àwọn nǹkan wọ̀nyí ní èdè tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ìlẹ̀kùn inú páìpù omi pe ìgò náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà pè é ní páìpù lásán. Irin tí ó yí i ká, àwo ìjẹun ni wọ́n pè é. Èyí tí ó wà láàárín, irin tí a fi ń yan ẹran lórí iná ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé ìdáná ni wọ́n ti kó orúkọ jáde! Wọn kò lọ sí ọ̀run lọ rọ ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ni ó wá dé tí a fi rò pé àwo tiwa àti asẹ́ tiwa kò tó?

Wàyí o, mo fẹ́ kí a dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, èyí tí í ṣe wíwá ibi tí àìsàn wà lára ẹ̀rọ. Láyé òde òní, fáàfù ti padà wọ ojú àwọn onígìtá àti àwọn olólùfẹ́ orin. Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ fáàfù tuntun ti ń wá. Wọ́n ń ta ẹ̀yà ara áńpílífáyà nínú páálí, olùrà yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀ nílé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń ta gìtá tò ó ní Bàrígà. Áńpílífáyà kékeré ni, wọ́ọ̀tì márùn-ún péré. Fáàfù ECC83 kan ní iwájú, EL84 kan ní ẹ̀yìn. Nígbà tí ó parí rẹ̀ tí ó tan iná sí i, ẹ̀rọ náà kò kọrin. Ó ń kùn ṣáá ni. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà oníṣẹ́ rédíò kan. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

“Kú àbọ̀, ọmọ mi. Kí ni ó ṣe é?”

“Ó ń kùn ni, sà. Mo ti pààrọ̀ fáàfù méjèèjì, kò gbọ́.”

“Ta ni ó sọ fún ọ pé fáàfù ni?”

Ọmọ náà dákẹ́.

“Ṣé bí orí bá ń fọ́ ọ, ìwọ a gé e sọnù, kí o lọ ra òmíràn?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n to bí ó ṣe ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé inú ètò náà ni ọgbọ́n wà.

Èkíní, kò tan iná. Ó yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ṣí ìdí ẹ̀rọ, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé: “Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kapásítọ̀ ńlá a máa tọ́jú iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Ẹ ti pa ẹ̀rọ o, iná ṣì wà nínú ìkòkò.” Ó fi rẹsísítọ̀ tí ó fi rọ́bà wé da iná náà sílẹ̀, ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n títí ó fi rí i pé ó ti di òfo. Ìgbà náà ni ó tó fi ojú wò ó, tí ó sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá nǹkan ti jó.

Èkejì, ó ní kí wọ́n gbé gílóòbù wá. Gílóòbù ayé àtijọ́ ni, èyí tí ó ní wáyà nínú, oníwọ́ọ̀tì 60. Kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí tí kì í jẹ iná. Ó so gílóòbù náà sí ojú ọ̀nà iná, kí iná ilé gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ara ẹ̀rọ. Bí wáyà bá ti kan ara wọn nínú ẹ̀rọ, gílóòbù náà yóò mọ́lẹ̀ kedere, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rọ jóná. Bí kò bá sí èyí, yóò tàn fẹ̀rẹ̀, yóò sì wálẹ̀. Ti ọmọ yìí tàn fẹ̀rẹ̀, ó sì wálẹ̀. “Ó dára,” ni bàbá wí, “àìsàn náà kì í ṣe èyí tí ń pa ènìyàn lójijì.” Ó wá yọ gílóòbù kúrò.

Ẹ̀kẹta, ó fi etí sí i. Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kíkùn náà bá jẹ́ 50, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ti ìyá ìlù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé wáyà tí ń mú fáàfù gbóná ni ó sún mọ́ wáyà ohùn jù, tàbí wáyà ilẹ̀ kò jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti yí iná náà padà sí èyí tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìlọ àti àbọ̀ rẹ̀ di ìgbì méjì, 50 sì di 100. Ohùn èyí ga díẹ̀, bí ti omele. Bí ó bá jẹ́ omele ni ó ń dún, kapásítọ̀ tí ó yẹ kí ó mú iná náà tẹ́jú ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bàbá ní omele ni.

Ẹ̀kẹrin, ó dín ibi tí ó ní láti wá kù. Ó yí bọ́tìnì ohùn wálẹ̀ pátápátá. Kíkùn náà kò dín. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ó ṣáájú bọ́tìnì yìí ni ọ̀ràn wà, ì bá ti dákẹ́. Ó pa á, ó yọ ECC83, ó tún tàn án. Ó ṣì ń kùn. “Ẹ rí i,” ni ó wí, “a ti yọ ìdajì ẹ̀rọ kúrò nínú ẹjọ́ yìí.” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Adájọ́ tí kò mọ̀wé òfin kan ni ó ń dá ẹjọ́ yìí o, ó sì ń dá àwọn tí kò jẹ̀bi sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Ẹ̀karùn-ún, ó wọn iná. Ó kọ́kọ́ wọn èyí tí ó ń ti ògiri bọ̀, kí a má baà di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ lórí ohun tí iná ilé ṣe: fóòtì 225 ni, kò burú. Ó wá wọn iná ńlá tí ń lọ sí ara fáàfù. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń ṣe é, ó ki ọwọ́ kejì bọ àpò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá ní kí ó jẹ́ 270. Mítà ní 190 ni. Omele tí ń dún àti iná tí ó rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Ó mú igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ń tọ́ ẹsẹ̀ kapásítọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ọ̀kan, kíkùn náà dákẹ́ fẹ́ú. Ó yọ igi, kíkùn padà. Ó pa ẹ̀rọ, ó da iná sílẹ̀, ó fi awò wò ó: òjé tí ọmọ náà fi lẹ ẹsẹ̀ kapásítọ̀ náà kò dán. Ó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé irin ìjó-òjé kò gbóná dé ara páànù kí ó tó gbé e kúrò. Òjé wà lórí rẹ̀ ni, kò wọ ara rẹ̀. Ó tún un jó. Kò pààrọ̀ ohunkóhun. Kò ná kọ́bọ̀.

Kí ó tó gbé e fún ọmọ náà, ó wọn ìdí EL84. Rẹsísítọ̀ 135 ni ó wà níbẹ̀; fóòtì 7 ni ó rí lórí rẹ̀. “Pín 7 sí ọ̀nà 135,” ni ó wí fún ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù. Ọmọ náà tẹ fóònù rẹ̀, ó ní ó lé díẹ̀ ní 0.05. “Ìwọ̀n iná tí ń gba inú fáàfù náà kọjá nìyẹn. Bí ó bá lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwo inú rẹ̀ yóò pọ́n, fáàfù yóò sì kú. Bí o bá rí àwo tí ó pọ́n, má sọ pé fáàfù ni kò dára. Lọ wo kapásítọ̀ tí ó wà láàárín àwo ti iwájú àti asẹ́ ti ẹ̀yìn, bóyá ó ń jò.” Ó fi òmíràn kún un: kí ọmọ náà má ṣe tan áńpílífáyà oní-fáàfù láìso sípíkà mọ́ ọn, nítorí pé tiransifọ́mà rẹ̀ lè bàjẹ́, kí ó sì wo ara páálí dáadáa kí ó tó ra òmíràn, nítorí pé tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún iná 120 ti Amẹ́ríkà kò ní pẹ́ jóná bí a bá fi í sí iná 230 tiwa.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, kí ni ó kù tí èdè Yorùbá kò sọ nínú gbogbo èyí? Ó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sọ bí a ṣe ń yọ ohun tí kò jẹ̀bi kúrò, ó sọ ìṣirò. Àwọn kan yóò ní: “Kapásítọ̀ àti fóòtì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n.” Bẹ́ẹ̀ ni, a yá wọn. Àlùbọ́sà náà, a yá a. Àlàáfíà àti wákàtí, a yá wọn láti èdè Lárúbáwá. Ta ni ó ń sọ lónìí pé ẹni tí ó bá ki ènìyàn ní àlàáfíà kò sọ Yorùbá? Ọ̀rọ̀ tí a yá, tí a fi ohùn tiwa pè, tí a sì fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ti di tiwa. Fóòtì yẹn kì í ṣe Fóltà mọ́. Alessandro Volta ti Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ kò ní dá a mọ̀ ní Bàrígà.

Nítorí náà, àìlè sọ kọ́ ni ìṣòro wa. Àìkọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí ó sì ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ìwé tí ó bá páálí ọmọ yẹn wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí ń jókòó ti ọ̀gá ni kò pẹ́ ní ilé ìwé. Wọn yóò fi ọwọ́ kan kapásítọ̀ tí fóòtì 270 wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ka ojú ìwé kejì. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá kìlọ̀ fún ní Yorùbá yóò yè. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sí nílé ní ọjọ́ náà ńkọ́? Ìkìlọ̀ tí a kò kọ ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́, àbùkù ni fún wa, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí sí. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọ́kà, ní ẹ̀gbẹ́ Bàrígà gan-an. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ibi tí bàbá yẹn ti ń jó òjé. Nínú ọgbà náà, wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nínú ọgbà kan náà, wọ́n ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Àwọn méjèèjì kò pàdé ní ibi tí bàbá yẹn ti pa wọ́n pọ̀ ní ojúlé rẹ̀. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ń jàǹfààní rẹ̀ títí di òní. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lórí iná, lórí ohùn àti lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ pé a ó jókòó sínú yàrá kí a máa rọ ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ tí kò sí oníṣẹ́ tí yóò pè é. Ojúlé àwọn oníṣẹ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é, kí a kọ ọ́, kí a fi àmì ohùn sí i.

Mo mọ̀ pé wọn yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ayé ń sọ, kí a má fi ọmọ wa sẹ́yìn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Pẹ̀lú èyí, ọ̀nà wa kò gún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé iṣẹ́ bàbá oníṣẹ́ rédíò. Ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ wa ń kùn. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ń fi hàn pé ó ń kùn. Ẹnìkan dìde, ó ní èdè abínibí ni ó fà á, ó fà á yọ bí ọmọ yẹn ṣe fa fáàfù yọ. Ta ni ó sọ fún wọn pé fáàfù ni? Ṣé wọ́n yí bọ́tìnì wálẹ̀ wò? Ṣé wọ́n wọn iná tí ń ti ògiri bọ̀: owó oṣù olùkọ́, ìwé tí kò tó, ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan? Èdè tí a kò tíì tẹ ìwé rẹ̀ tó, tí a kò tíì kọ́ olùkọ́ rẹ̀ tó, báwo ni a ṣe lè dá a lẹ́bi? Òjé tí kò wọ ara páànù ni ó wà níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí irin gbóná kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Ohun tí mo ń bẹ yín, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò le. Bí ẹ bá mọ àgbà kan tí ó ń tún rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ, aago tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, ẹ lọ jókòó tì í fún ọ̀sán kan. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi fóònù yín gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń wá àìsàn ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń lò sílẹ̀ bí ó ṣe pè é gan-an, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ìwé pélébé olójú ewé mẹ́jọ tí a fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ iná àti ètò ìwádìí bàbá yẹn sí kò ní ná yín ju ìwé ìpè ìgbéyàwó kan lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù yín.

Àgbà tí ó ń ki ọwọ́ kan bọ àpò kí ó tó fi ìkejì kan iná, ó mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì kò mọ̀. Bí ó bá sì papòdà láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá yẹn nìkan kọ́ ni a ó sin ní ọjọ́ náà.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí a rí ojútùú.